Òjé Lábẹ́ Rọ́bà

4.

…lábẹ́ rọ́bà náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti fura. Òjé ni. Ọkùnrin tí ó bá ń fi ọ̀já ọmọ wé rákẹ́ẹ̀tì pínpọ́ọ̀ngì rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ju igi lọ.

Ara rímù ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Gouka ló ti yọ ọ́. Àwọn mẹkáníìkì máa ń kan òjé díẹ̀ mọ́ rímù kí táyà má bàa máa gbọ̀n. Isidore rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ohun tó bá lè mú táyà dúró jẹ́ẹ́, kí ni kò ní lè ṣe fún ọwọ́ olùkọ́?

5.

Ìpín kìíní àti ìkẹta ti sọnù. Ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìyìn Isidore ni wọ́n, Isidore fúnra rẹ̀ ló sì kọ wọ́n.

2.

ÌKÉDE

(A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì agbègbè, Bantè, oṣù kìíní ọdún 1983.)

Ẹ̀yin kàmárádì,

Tábìlì pínpọ́ọ̀ngì tòótọ́ KAN ti dé láti Cotonou. Àwọ̀ ewé ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé ká.

Agbègbè méjì ló ń bèèrè rẹ̀: Bantè àti Savalou.

A kò lè là á sí méjì.

Kí agbègbè kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan ṣoṣo. Kò sí àrọ́pò. Ẹni tí ó bá borí, ìlú rẹ̀ ni a ó gbé tábìlì lọ.

Ìjà ń tẹ̀ síwájú.

6.

Èyí tí a ní ní Bantè títí di ìgbà yẹn: ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tí a gbé lé àgbá méjì. Àlòkù àwọ̀n ẹ̀fọn ló dúró ní àárín rẹ̀. Ibi tí ihò kọ́kọ́rọ́ wà, bí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tó máa gbà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ ihò náà lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní Àyànmọ́.

A pe ìpàdé. Isidore, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mẹ́tìrì, dìde kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni dìde. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta wà lápò àyà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní yíǹkì.

ISIDORE: Bí n kò bá gbé tábìlì yẹn wọ Bantè, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Mẹ́tìrì mọ́.

OHÙN KAN LẸ́YÌN: Kí ni ká wá máa pè yín?

ISIDORE: Isidore. Lásán.

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlógójì, kí ọmọ ọlọ́mọ máa pè é ní Isidore lásán ní gbangba ọjà? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé fún tábìlì tí wọn kò tí ì rí. Ará Agoua gbé igi wá. Ará Gouka gbé páànù wá. Wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sí ara ògiri: ILÉ TÁBÌLÌ. Ilé náà lófìfo. Ilẹ̀kùn tí a ń ta bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ fi ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yé pè é ní eré lásán. A kò ní ilẹ̀kùn mọ́ láti padà sórí rẹ̀.

7.

(Ìsọ̀ Idrissou, alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó ju Isidore lọ ní ogún ọdún, kì í sì í jẹ́ kí ó gbàgbé.)

IDRISSOU: Kí lẹ ní kí n wọ̀n?

ISIDORE: Òjé ni, Bàbá.

IDRISSOU: Òjé! Mẹ́tìrì, ìwọ̀n yìí, wúrà nìkan ló mọ̀. Bí mo bá gbé òjé lé e, ojú á tì í. Kò ní sọ òótọ́ mọ́.

ISIDORE: Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi ojú-ológbò ogójì sí àwo kejì.

IDRISSOU: Ogójì. Ogójì ojú-ológbò ni mo fi wọn yẹtí ìyàwó Imorou, ó sì ń fi yẹtí náà bú àwọn orogún rẹ̀ títí di òní. (Ó ń ka àwọn èso pupa náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.) Gbogbo rẹ̀, orí ni ẹ máa gbé e sí?

ISIDORE: Ogójì fún orí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìdí, níbi tí ọwọ́ ti dì í mú. Orí ni agbára wà, Bàbá. Ìdí ni ìkáwọ́ wà. Bí orí bá wúwo jù, ọwọ́ á pẹ́. Bí ìdí bá wúwo jù, bọ́ọ̀lù á rọ.

IDRISSOU: Ó yé mi. Orí wúwo, ìdí fúyẹ́. Irú wọn la máa ń fi jẹ mẹ́tìrì.

(Ẹ̀rín. Isidore kò bá a rẹ́rìn-ín.)

IDRISSOU: Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti sọ fún un pé ẹ wọn òjé?

ISIDORE: Yóò gbọ́ ọ lára.

8.

Láti inú ìwé-àjákọ Mẹ́tìrì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló fi rúlà fà nídìí, títí kan ọjọ́.

3 oṣù kejì. Orí 60. Ìdí 0. Bọ́ọ̀lù ń lọ bí òkò. Ó ń kọjá tábìlì pẹ̀lú. Agbára wà, ìkáwọ́ kò sí.

5 oṣù kejì. Orí 0. Ìdí 60. Mo lè gbé bọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ó ń dé ọ̀hún bí ẹni tó wá kí àna.

9 oṣù kejì. Orí 40. Ìdí 15. Mo gbé e lé orí ìka kan: ó dúró, ó mì díẹ̀, ó dúró. Mo pe Salomé kó wá wò ó. Ó ní omi òun ń hó.

10 oṣù kejì. Bí bọ́ọ̀lù bá bà á létí, ó ń yí mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pín ogójì orí sí méjì: ogún ní etí ọ̀tún, ogún ní etí òsì. Kò yí mọ́. Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

14 oṣù kejì. 38 / 17.

15 oṣù kejì. 37 / 18.

16 oṣù kejì. 38 / 17.

17 oṣù kejì. 37 / 18. Rárá.

18 oṣù kejì.

M O   T I   R Í   I .

38 / 17

9.

Ojú-ológbò kan: ìwọ̀n eṣinṣin tó ń gbààwẹ̀.

10.

(Salomé, ìyàwó rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà bó ṣe ń sọ̀rọ̀.)

Ẹ ṣé tí ẹ bi mí. Kò sẹ́ni tó ń bi mí. Ọ̀já tí mo fi ń pọn Ésaïe ló fi wé e. Mo ní, Bàbá Ésaïe, òtútù ń mú ọmọ. Ó ní òtútù ń mú rọ́bà náà, bí òtútù bá sì mú rọ́bà, bọ́ọ̀lù ò ní ta. Ọmọ wá ń wúkọ́ o. Rọ́bà ò wúkọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ aṣọ funfun mi, mo ń lọ sí ìjọ. Ọmọ Kátólíìkì gidi ni Bàbá Ésaïe, kì í fojú rere wo ìjọ wa. Ó wá ń rìn yí mi ká bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ó ní ṣé n kò lè gbé nǹkan kékeré kan dání, kí wọ́n gbàdúrà sí i. Mo ní ẹ bọ́ bàtà yín kí ẹ gbé e wá fúnra yín. Ó ní òun ò lè wá láìwọ bàtà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ òun á rí ẹsẹ̀ òun.

Ọjọ́ kan, ó ní kí n dúró sí apá ọ̀hún tábìlì oúnjẹ wa, kí n kàn máa dá bọ́ọ̀lù padà fún òun. Ìdérí ìkòkò ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ń dá a padà. Nígbà tó yá ó ní kí n dẹ́kun, ó ní mo ń ba ìwọ̀n jẹ́ fún òun. Mélòó ni mo jẹ? Èmi ò kà á. Òun ló ń kà á.

11.

Mọ́kànlélógún sí mẹ́rìnlá. Ìdérí ìkòkò ló jẹ mọ́kànlélógún. Kò sí nínú ìwé-àjákọ.

13.

(Ìwé láti ọwọ́ Séraphin ti ọ́fíìsì eré ìdárayá ní Savalou. Tidjani, awakọ̀ akẹ́rù, ló mú un wá. Ìka epo rẹ̀ mẹ́rin wà lórí rẹ̀, wọ́n hàn ju òǹtẹ̀ lọ.)

Ọjọ́ eré: Sátidé, 19 oṣù kẹta. Savalou, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìpele mẹ́ta. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ méjì.

Rákẹ́ẹ̀tì: ó lè wúwo tó bó ṣe wù yín, ó lè fúyẹ́ tó bó ṣe wù yín.

Ẹ mú omi mímu tiyín wá.

13, lẹ́ẹ̀kan sí i.

ÈMI: Mẹ́tìrì, òfin gbà yín láàyè. Kò sí ohun tí ẹ ń fi pamọ́ mọ́.

ISIDORE: Ta ló bi òfin?

ÈMI: Ẹ lè gbé òjé náà síta. Kò níláti wà lábẹ́ rọ́bà.

ISIDORE: Ìwọ ti rí àṣírí tí wọ́n gbé síta rí, tí ó ṣì níyì?

Ó tún fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó fi ìwé Bíbélì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì.

12.

Mo sọ pé ọ̀nà Gouka ni ọkọ̀ akẹ́rù yẹn kú sí. Ó lè jẹ́ ọ̀nà Agoua. N kò sí níbẹ̀. Gbogbo ibi tí n kò sí, ẹnu Isidore ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ bá mi yọ ìdajì kúrò.

Ṣùgbọ́n mo wà ní Savalou. Tábìlì kékeré kan, àga kan, ìwé ńlá kan. Èmi ni mo kọ àmì ayò. Èyí tó kàn yìí, ẹ má yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

14.

(Savalou, 19 oṣù kẹta 1983. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọdé wà lójú fèrèsé. Tábìlì náà wà láàárín, àwọ̀ ewé, ó ń dán. Kò sí ihò kọ́kọ́rọ́ kankan lára rẹ̀. Àwa ará Bantè ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tí wọn kò tíì sanwó orí rẹ̀.)

(Ẹni tí Savalou yàn: Claudine, akọ̀wé ilé-ìfìwéránṣẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Bùbá alápá gígùn. Rákẹ́ẹ̀tì lásán, rọ́bà rẹ̀ ti bó ní igun kan.)

SÉRAPHIN: Bantè, ṣé ẹ ti ṣetán?

ISIDORE: Láti oṣù kejì.

SÉRAPHIN: Savalou?

CLAUDINE: A dúpẹ́, sà. Mẹ́tìrì, ẹ kú ìrìn o. Báwo lọ̀nà? (Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.) Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni mo máa fi bá yín ṣeré.

(Àwọn ará Savalou rẹ́rìn-ín.)

ISIDORE: Kò sí wàhálà, ọmọ mi. Ìwà la fi ń mọ ẹni tí wọ́n kọ́ nílé. Mo ti forí jì ọ́.

(Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ lédè Mahi, gbogbo ìjókòó ìlà iwájú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.)

ISIDORE (sí mi, lábẹ́lẹ̀): Wọ́n ń yìn mí.

ÈMI: Ó jọ bẹ́ẹ̀.

ISIDORE: O rí aṣọ funfun tó wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀? Áńkáṣíìfù ni. Ó mọ̀ pé ẹkún ń bọ̀.

15.

BANTÈ 21        SAVALOU 18

Ìpele kìíní. Bọ́ọ̀lù Claudine ń kúrú, ó ń bọ́ sínú àwọ̀n. Lẹ́ẹ̀mejì ó gbá afẹ́fẹ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ó wo rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tó bá àlejò nínú yàrá rẹ̀. Isidore ń gbá a, ó ń dúró kí a wò ó, ó ń padà.

BANTÈ 17        SAVALOU 21

Ìpele kejì. Ó ti ń mọ ọ̀nà. Kì í gbá a le; ó kàn ń gbé e sí ibi tí Isidore kò sí. Isidore gbé rákẹ́ẹ̀tì lé orí ìka láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n ti yí. Gbogbo gbọ̀ngàn na ọrùn láti wò ó. Ìwọ̀n kò yí.

BANTÈ 19        SAVALOU 19

 Mo kọ 19, mo tún kọ 19. Ní ìta, ọkọ̀ Tidjani ti yí orí padà sí Bantè. Okùn tí wọ́n máa fi so tábìlì wà lórí rẹ̀, tàbí okùn tí a ó kàn gbé padà sílé.

Claudine gbé bọ́ọ̀lù lé àtẹ́lẹwọ́ tí aṣọ wé. Ó sọ ọ́ sókè.

Ó lọ.

Ó bọ̀.

Ó lọ.

Isidore gbé ojú-ológbò méjìdínlógójì sókè, ó jù wọ́n sínú bọ́ọ̀lù náà.

Etí tábìlì. Etí gan-an, ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Bọ́ọ̀lù yà sí ìsàlẹ̀, ó lọ bá àwọn obìnrin.

SÉRAPHIN: Ó bà á. Ogún sí mọ́kàndínlógún.

Èyí tó tẹ̀ lé e, Claudine fi í sínú àwọ̀n.

BANTÈ 21        SAVALOU 19

ISIDORE: Ìwọ̀n ni! Ẹ rí i? Ìwọ̀n ni!

16.

Tábìlì gun orí iṣu nínú ọkọ̀ Tidjani. Isidore gun orí tábìlì. Láti Savalou dé Bantè, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ 37 / 18 ni, bọ́ọ̀lù yẹn kò ní bá etí. Ó ní òun ló fojú sun etí náà. Nígbà tí a sún mọ́ ilé, etí náà ti di ìlànà tí òun ti ń kọ́ láti kékeré.

Ní Bantè, wọ́n ti ń dúró. Ilé Tábìlì gba tábìlì bí ẹnu ṣe ń gba òkèlè. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ yí i ká. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa á. Ọmọbìnrin kan gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ta, ó ta sí ibi tó yẹ kó ta sí, wọ́n sì hó.

Mẹ́tìrì! Mẹ́tìrì! Mẹ́tìrì!

Èmi náà hó. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé n kò hó.

17.

ÌKẸ́KỌ̀Ọ́ PÀTÀKÌ

LÁTI ẸNU AṢẸ́GUN FÚNRA RẸ̀

Ìwọ̀n, Agbára àti Ìkáwọ́

Ní Ilé Tábìlì, ọjọ́ Àlàmísì

Kí oníkálùkù mú ojú-ológbò tirẹ̀ wá.

17, ohun tó tẹ̀ lé e.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjé tán lára gbogbo rímù tó wà ní Bantè. Gbogbo ọkọ̀ wa ń gbọ̀n. Idrissou kò rí ojú-ológbò wọn wúrà mọ́. Ó ń fi àgbàdo wọ̀n ọ́n, ó sì ń búra fún àwọn oníyàwó. Abel tó ń ránṣọ ti lẹ òjé mọ́ ìdí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ní ó dára jù.

18.

(Láti ọ́fíìsì eré ìdárayá ní Abomey, 30 oṣù kẹta.)

Kàmárádì Mẹ́tìrì,

A ti gbọ́ nípa 38 / 17. A fẹ́ kí ẹ wá kọ́ àwọn ẹgbẹ́ gbogbo ẹkùn Zou ní ìparí oṣù kẹrin. Ẹ óò sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

(Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì tó ní yíǹkì: Wákàtí kan kò tó.)

19.

Savalou, 4 oṣù kẹrin 1983

Mẹ́tìrì wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oríire tábìlì. Tidjani sọ fún mi pé àwọn ọmọ ń tò láti ìdájí kí iléèwé tó wọlé, inú mi sì dùn sí i, mo fi Ọlọ́run búra.

Mo tún gbọ́ pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ àwọn ará Abomey. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí a tún ṣeré lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé tábìlì wá, tàbí kí èmi wá bá yín níbẹ̀. Bí ẹ bá tún borí, àwa ò ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé. Bí èmi bá borí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa tábìlì.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò ní tọrọ gáfárà.

Ẹ bá mi kí ìyá Ésaïe.

Claudine

20.

(Ilé Tábìlì. Isidore ti ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta.)

ISIDORE: Ẹ gbọ́? "Mi ò ní tọrọ gáfárà." Ìbànújẹ́ ti ba ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ jẹ́.

SALOMÉ: Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mà dára o.

ISIDORE: Mo ń sọ̀rọ̀ ìwà, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀wé.

SALOMÉ: Bàbá Ésaïe, kí lẹ máa dá a lóhùn?

ISIDORE: Mo ń rò ó.

21.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ (ó ya á): Ọmọ mi, aṣẹ́gun kì í

Ìdáhùn kejì (ó ya á): Nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́rùn mi, àti Abomey

Ìdáhùn kẹta (kò tíì ya á): Wá.

Ó wà nínú àpò àyà rẹ̀, lẹ́yìn pẹ́ẹ̀nì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tidjani ń lọ sí Savalou lọ́la.

22.

Denise, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Savalou. Mo bi í léèrè nípa aṣọ funfun tó wà lọ́wọ́ Claudine. Ó ní òun kò gbọdọ̀ sọ. Ó ṣí ìwé ńlá, ó kọjú sí fèrèsé, ó ní òun ń wo òjò. Kò sí òjò.

16 oṣù kẹta 1983. Claudine, ilé-ìfìwéránṣẹ́. Àkàndùn, àtàǹpàkò ọ̀tún, ó ti gbọyún. A là á. A fi aṣọ funfun dì í. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yìí di nǹkan mú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

23.

Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Claudine fi ọwọ́ òsì di rákẹ́ẹ̀tì mú.